Fọ́tò Tó Sọ Ẹgàn Awóyẹmí Di Ọ̀dọ́

Kò sí arúgbó tó wọ ṣọ́ọ̀bù Zachariah Òkè ní Igbó-Ọrà láyé ọjọ́un tí fọ́tò rẹ̀ jáde ní arúgbó. Kámẹ́rà onígi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó jogún lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ti gbó, aṣọ dúdú tó fi ń borí ti fàya, ṣùgbọ́n ọwọ́ Zachariah dá ṣáṣá. Bó bá ti fọ fíìmù tán, á gbé e sójú fèrèsé, á mú pẹ́ńsùlù ṣóńṣó àti ọ̀bẹ tín-ínrín, á máa kùn, á máa họ, títí gbogbo ibi tí ojú ti hunjọ á fi jọ̀lọ̀. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún á wo ara rẹ̀, á máa rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Ẹni tó bá fẹ́ pè é nírọ́ kó pè é. Àánú ni. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ìyá Zachariah fi sílẹ̀, ìgbà tí àìsàn ti jẹ ojú rẹ̀ tán ni wọ́n yà á, kò sì fẹ́ kí ọmọ ẹlòmíràn jogún irú rẹ̀.

Lọ́dún 1968, Wúràọlá, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ọláídé, wá bá a láti abúlé kan lẹ́yìn Igangan. Ẹ̀yìn abúlé yẹn ni ẹgàn Awóyẹmí wà, igbó tí ọkọ́ kò kàn rí, tí àwọn baba rẹ̀ dá sí nítorí odò tó ń sun nínú rẹ̀. Àwọn onígẹdú ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn ìrókò ibẹ̀. Ọ̀gá tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó ní Ìbàdàn ní bó bá jẹ́ ẹgàn lóòótọ́, ìjọba á dá a sí. Bó bá jẹ́ igbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù sórí oko àtijọ́, kí wọ́n máa gé e. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, mọ́tò ọ̀gá kò lè débẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú fọ́tò wá.

“Bàbá Edith,” ni ìyá wí, nítorí Edith ni àkọ́bí Zachariah, “bí odò yẹn bá gbẹ, abúlé wa tán nìyẹn. Bá mi ya àwọn igi náà dáadáa.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Ìyá. Màá yà wọ́n débi tẹ́ ẹ ò fi ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ wọ́n mọ́.”

Ó di kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó lọ, ó sì yà wọ́n lóòótọ́. Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó gbé fíìmù sójú ìmọ́lẹ̀, ó wá rí ìrókò ńlá ẹ̀bá odò: èèpo rẹ̀ ti sán, ara rẹ̀ kún fún kókó àti ojú àpá. Àánú igi ṣe é. Ó fa pẹ́ńsùlù àti ọ̀bẹ yọ, ó jókòó ti gbogbo fíìmù náà, kò sì dìde títí ara àwọn igi inú wọn fi dán.

Òun àti ìyá wọ bọ̀lẹ́kájà lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀gá wo àwọn fọ́tò náà, ó mi orí.

“Ẹ má bínú, Ìyá. Igi kéékèèké nìwọ̀nyí. Ẹ wo bí ara wọn ṣe ń jọ̀lọ̀. Kò tilẹ̀ sí èèyàn kankan nídìí wọn tí mo lè fi mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó. Ẹgàn kọ́ lèyí.”

Zachariah wólẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun kùn wọ́n, pé ohun tí ọ̀bẹ bá ti họ kúrò lára fíìmù kì í padà. Ọ̀gá wò ó títí, àánú rẹ̀ sì ṣe é díẹ̀.

“Ẹ lọ ya òmíràn wá. Ṣùgbọ́n mi ò lè sọ pé kí onígẹdú dúró dè yín.”

Nígbà tí wọ́n fi dé ẹgàn, ẹ̀pa ò bóró mọ́ fún ìrókò ẹ̀bá odò. Ó ti na gbalaja sórí omi, ewé rẹ̀ ṣì tutù. Zachariah jókòó sórí kùkùté, ó bú sẹ́kún.

“Ọwọ́ mi ló pa á, Ìyá.”

“Òun nìkan ni. Ìyókù ṣì wà lóòró.” Ìyá Ọláídé tú gèlè, irun rẹ̀ funfun báláú. Ó lọ fẹ̀yìn ti ìrókò tó kàn. “Dìde, yà wá bí a ṣe gbó.”

Zachariah yà wọ́n, kò sì fi pẹ́ńsùlù tàbí ọ̀bẹ kan fíìmù náà rárá. Nígbà tí wọ́n padà dé Ìbàdàn, ọ̀gá tẹjú mọ́ fọ́tò náà, ó wo ìyá, ó tún wo fọ́tò.

“Ìyá, ẹni ọdún mélòó ni yín?”

“Mi ò mọ̀, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí igi yẹn ṣe tóbi nìyẹn nígbà tí mo gbọ́njú.”

Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n rán àwọn fọ́rẹ́sì, ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba, lọ lé onígẹdú kúrò. Gbogbo abúlé jó, wọ́n gbé ìyá sókè. Zachariah kò bá wọn jó. Ìrókò ẹ̀bá odò ló ń rò, èyí tó jẹ́ pé nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí igi náà ní láyé, ọ̀bẹ òun ti sọ ọ́ di igi mìíràn.