Motọ́lání àti Nọ́ọ̀sì Inú Fáìlì

Ààlọ́ o.

Ààlọ̀.

Jẹ̀lílì, ẹnu tìrẹ nìkan ni mi ò gbọ́. Ààlọ́ o.

Ààlọ̀ o, Ìyá Àgbà.

Ó dáa. Ààlọ́ mi kò yà sọ́dọ̀ ẹranko kankan lónìí. Ó gba ojúlé kẹta nínú ilé wa yìí kọjá, ó lọ bá ọmọbìnrin kan tó ń fi àwòrán jẹun. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Àǹtí Motọ́lání ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń dúdú bíi ti mẹkáníìkì, tí ẹ máa ń bèèrè pé ṣé mọ́tò ló ń tún ṣe ni. Kì í tún mọ́tò ṣe. Tàdáwà ni, ohun tí ẹ̀yin ń pè ní yíǹkì.

Ará Ìjẹ̀bú ni bàbá rẹ̀, Alàgbà Abọ́dúndé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n Ìdí-Àràbà níbí ni wọ́n bí Motọ́lání sí, ohun tó mọ̀ nípa Ìjẹ̀bú kò ju ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ lọ. Láti kékeré ló ti ń yàwòrán sẹ́yìn ìwé ìṣirò. Bàbá rẹ̀ á nà án. Tó bá nà án tán, ọmọ náà á jókòó, á ya bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń nà án. Nígbà tó yá, ó lọ sí yunifásítì, wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí, ó gbé ìwé ẹ̀rí náà fún bàbá rẹ̀, ó padà sídìí àwòrán.

Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. Ìwé ìtàn ni, ṣùgbọ́n àwòrán ló ń sọ ìtàn náà. Á pín ojú ìwé kan sí àpótí àpótí, bí ilé oníyàrá púpọ̀. Èèyàn kan náà á wà nínú gbogbo yàrá, á sì máa ṣe nǹkan ọ̀tọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn náà bá máa sọ̀rọ̀, wọ́n á ya nǹkan roboto kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí ìfófòó ọṣẹ, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ló kọ́kọ́ máa ń lò, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà á fi búrọ́ọ̀ṣì tí irun rẹ̀ kò tó nǹkan tọ ojú ìlà yẹn pẹ̀lú yíǹkì. Tí yíǹkì bá gbẹ, á fi kílínà pa pẹ́ńsùlù rẹ́. Tó bá wá ṣi yíǹkì tọ̀, á jókòó, á wo ògiri fún bíi wákàtí kan, á mú pépà tuntun. Mo ti bá a níbi tó ti ń wo ògiri lọ́pọ̀ ìgbà. Ó mọ ògiri yẹn dáadáa.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá rẹ̀ wá kí i. Ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà nínú yàrá náà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, mò ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà mi, mi ò dí etí mi.

"Motọ́lání, àbúrò mi tó wà n'Ìbàdàn ń wá ẹni tó máa bá a dúró sí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táìsì tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀. Mo ti sọ fún un pé ò ń bọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, Dádì. Iléeṣẹ́ kan ní Sábó ti gbé ìwé kan fún mi pé kí n yà á. Tí wọ́n bá gbà á, wọ́n á gbà mí síṣẹ́ pátápátá."

"Tí wọn ò bá gbà á ńkọ́?"

"Màá lọ ta táìsì."

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa sọ?"

"Jímọ̀ tó máa parí oṣù yìí."

"Ó dáa. Ọkọ̀ Ìbàdàn máa ń tètè kún lọ́jọ́ Sátidé. Tètè jáde."

Bàbá náà jẹ búrẹ́dì, ó mu omi, ó lọ. Kò pariwo. Tíṣà ni.

Obìnrin tó ni iléeṣẹ́ Sábó yẹn ń jẹ́ Àǹtí Edith. Ó ní òfin kan. Àwòrán tí èèyàn ò bá lè tẹ̀ lé láìsí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde. Nítorí náà, kí ayàwòrán tó kó iṣẹ́ wá, ó gbọ́dọ̀ wá ẹnì kan tí kò mọ̀wé, kó fi iṣẹ́ náà hàn án nígbà tí gbogbo ìfófòó yẹn ṣì ṣófo. Kó kọ ẹ̀yìn sí onítọ̀hún, torí bí wọ́n bá jọ ń wojú ara wọn, ojú ayàwòrán lẹni náà máa kà, kò ní ka àwòrán. Bó bá di ọjọ́ tí wọ́n ń gba iṣẹ́, ayàwòrán á mú ẹni tí kò mọ̀wé náà dání lọ sí Sábó, kó wá sọ ìtàn náà lójú Àǹtí Edith fúnra rẹ̀.

Bí Motọ́lání ṣe kan ilẹ̀kùn mi nìyẹn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ má bínú, Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀wé?"

"Rárá."

"Rárá rárá, mà?"

"Wọn ò fi mí síléèwé."

"Ẹ ṣé mà. Ọlọ́run ṣeun."

Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, ẹnikẹ́ni ò tíì bá mi dúpẹ́ lórí ìyẹn rí. Mo ní kó wọlé.

Ó gbé fáìlì kan lé mi lórí itan, ojú ìwé méjìlélógún ló wà nínú rẹ̀. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ọkùnrin kan tó ń fọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo ṣí fáìlì, mo fara balẹ̀ wò ó tán. Mo pè é.

"Kí lẹ rí, mà?"

"Nọ́ọ̀sì kan ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Ó burú."

Kò tíì yíjú padà. "Ó burú báwo, mà?"

"Èèyàn á wà lórí ìdúró, ara rẹ̀ á le. Nọ́ọ̀sì yìí á fọwọ́ kàn án, onítọ̀hún á dùbúlẹ̀ àìsàn. Bó ṣe ń ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn."

Kò bi mí ní nǹkan kan mọ́. Ayàwòrán, bó bá ti gbọ́ ìdájọ́, kì í dúró gbọ́ àlàyé. Ó kó fáìlì rẹ̀, ó ní ẹ ṣé mà, ó lọ wo ògiri.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn nìyí, tí òun náà kò sì gbọ́dọ̀ sọ fún mi. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kelvin ló ń kọ ìtàn fún iléeṣẹ́ náà, tí Motọ́lání ń yà á. Ohun tí Kelvin kọ ni pé nọ́ọ̀sì kan wà tí ìwòsàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Aláìsàn tó bá ti fọwọ́ kàn, á dìde.

Motọ́lání rò ó, ó ní ojú nọ́ọ̀sì náà ló le jù. Ó tún gbogbo rẹ̀ yà, ó fi ẹ̀rín sí i lẹ́nu. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó tún gbé e wá, ó tún kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ó ti wá ń rẹ́rìn-ín sí i," ni mo wí. "Ó ti burú ju ti ìjọ́sí lọ."

Ó padà lọ. Ó rò ó pé bóyá agbára inú ọwọ́ náà ni kò hàn. Ó tún un yà lẹ́ẹ̀kẹta, ó fi ìmọ́lẹ̀ yí ọwọ́ obìnrin náà ká. Kò sùn dáadáa, ojú rẹ̀ wọnú. Mo wo ìwé náà tán.

"Ó ti rí iná," ni mo wí. "Ó ti ń jó wọn báyìí."

Ó di Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀ tí wọ́n dá ku ọ̀la. Mo lọ gbé ọbẹ̀ díẹ̀ fún un, mo bá a tó ń kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Báàgì ìrìn àjò ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, aṣọ wà nínú rẹ̀. Ó ṣe mí bákan. Ẹnu mi ló ń lé ọmọ yìí lọ s'Ìbàdàn.

"Motọ́lání, irú èèyàn wo lo fẹ́ kí nọ́ọ̀sì yìí jẹ́?"

"Mi ò gbọ́dọ̀ sọ, mà."

"Ṣé kí n sọ pé ó dáa? Lọ́la, níwájú ọ̀gá yín. Màá ní ọmọlúàbí ni, màá ní ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ó mọ́ mi lẹ́nu, mo lè sọ ọ́."

Ó dé ìdérí yíǹkì, ó tún un ṣí, ó tún un dé.

"Rárá, mà. Ohun tẹ́ ẹ bá rí ni kẹ́ ẹ sọ."

"Táìsì wá ńkọ́?"

"Àpótí àpótí ni táìsì náà, mà."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sábó. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni iléeṣẹ́ náà wà, lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ṣájà fóònù. Àǹtí Edith kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi. Kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n ọmọ Yaba ni, ó gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ. Awò wà lójú rẹ̀, òmíràn tún wà lórí irun rẹ̀. Kelvin jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Wọ́n gbé fáìlì náà ka iwájú mi. Motọ́lání kọ ẹ̀yìn sí wa, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Àǹtí Edith ò kọ ẹ̀yìn ní tiẹ̀. Òun ló ṣe òfin, kò mú un.

Mo ṣí fáìlì, mo fìka lé àwòrán, mo bẹ̀rẹ̀. Kelvin la ẹnu pé òun fẹ́ sọ nǹkan, Àǹtí Edith gbọ́wọ́ sókè. Ó pa ẹnu dé mọ́ ẹ̀pà.

Mo ní: "Àwọn ará àdúgbò kan pé jọ, ara gbogbo wọn le, wọ́n ń kí nọ́ọ̀sì kan, wọ́n gbé ẹ̀bùn fún un. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ó bọ́ sí àárín wọn. Bàbá arúgbó kan dúró láìlo ọ̀pá. Ó fọwọ́ kan bàbá náà, ọ̀pá bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọlọ́kadà kan ń fò sókè. Ó fọwọ́ kàn án, ọmọ náà dùbúlẹ̀, wọ́n fi nǹkan funfun di ẹsẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe ń kàn wọ́n ni wọ́n ń ṣubú, àwọn tó ń kí i lẹ́ẹ̀kan kò wojú rẹ̀ mọ́, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá bí àjèjì. Nígbà tó yá, ó wọ yàrá kan, òun nìkan. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ náà. Ó parí."

Kelvin ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ̀yìn ìwé lẹ ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀yìn wo?"

"Apá òsì la ti ń ṣí ìwé, mà. Àwọn àpótí yẹn náà, láti òsì la ti ń kà wọ́n lọ sí ọ̀tún."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Ó wo Àǹtí Edith.

Mo ṣàlàyé fún wọn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé l'Ògbómọ̀ṣọ́, mo lo àkókò òjò kan ṣoṣo nílé kéwú, kí wọ́n tó yọ mí pé kí n lọ máa bá ìyá mi ṣiṣẹ́. Mi ò mọ háràfí kan, lẹ́tà Lárúbáwá kan, jáde níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí wàláà, pátákó tí a fi ń kọ̀wé, ọwọ́ ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ohun kan ṣoṣo tí Alùfáà fi ẹgba kọ́ ọwọ́ mi. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìwé ṣe rí.

Motọ́lání ti yíjú padà lójú fèrèsé. Ó ń wo ìka mi. Ó ti ya ọwọ́ bíi ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ yìí, kò wo tèmi rí.

"Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta," ló wí. Kò sọ ọ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àǹtí Edith bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ti orí wò mí. "Màmá, nígbà tó ń wo ọwọ́ rẹ̀ níparí yẹn, kí ló ń rò?"

"Ó ń rò pé òun ò mọ bí òun ṣe máa mú un dúró."

Ó mi orí. Ó yíjú sí Kelvin. "Ní tìrẹ, báwo ló ṣe parí?"

"Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn."

"Ẹ̀bùn kí ni?"

"Fáànù."

"Fáànù."

"Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ni, mà. Èyí tó dáa."

Àǹtí Edith tú fáìlì náà wò láti òsì, ó tún un wò láti ọ̀tún. "Motọ́lání, ti àkọ́kọ́ tó o yà dà, kó o tó fi ẹ̀rín àti iná sí i?"

Motọ́lání fà á yọ nínú báàgì rẹ̀. Àǹtí Edith gbé àwọn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Èyí ni. Ojú rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Béèyàn bá ti òsì wá, èèyàn dáadáa ni. Bó bá ti ọ̀tún wá, a ò mọ̀. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. A máa tẹ̀ ẹ́ báyìí, èèpo iwájú méjì, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kálukú á ṣí i níbi tó bá wù ú. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú."

"Ọ̀rọ̀ tí mo kọ ńkọ́, mà?" ni Kelvin wí.

"Tọ́jú ẹ̀. Motọ́lání, aago mẹ́jọ àárọ̀ Mọ́ńdè. Má pẹ́."

Orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni Motọ́lání ti pe bàbá rẹ̀. "Dádì, wọ́n gbà á." Ó gbọ́ nǹkan kan. "Bẹ́ẹ̀ ni sà, pátápátá." Ó tún gbọ́ nǹkan kan. "Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n n'Ìbàdàn sà." Ó fi fóònù sápò, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń wo ògiri. Mo jẹ́ kó wò ó.

Nígbà tí ìwé náà jáde, Alàgbà Abọ́dúndé wá. Ó kà á láti òsì, gẹ́gẹ́ bíi tíṣà. Ó tú u títí ó fi dé ìparí, ó wò mí.

"Màmá, kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀."

"Kò sí."

"Ta ló wá ń kà á?"

"Èmi."

Ó jẹ búrẹ́dì, ó mú ìwé kan dání lọ sílé.

Tèmi nìyí, abẹ́ ìrọ̀rí mi ló máa ń wà. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kà tán láyé mi ni. Kí ni, Àmínát?

"Nọ́ọ̀sì náà, Ìyá Àgbà, ṣé ó dáa àbí ó burú?"

Ibo lo ti máa ṣí i?

"Mi ò tíì mọ̀."

Ìwọ lọ rò ó lórí ẹní. Ibi tí mo ti pa ìwé tèmi dé nìyí, ẹ̀yin náà ẹ pa ojú dé. Jẹ̀lílì, apá ọ̀tún ni kó o sùn sí lónìí, ẹsẹ̀ rẹ ti pọ̀ jù lápá òsì. Ó tó, ẹ lọ sùn.