Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Tọ́ Wáìnì Wò

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi bí a ṣe ń mu wáìnì. Ilé ìtajà kan ní àdúgbò Ganhi, nítòsí èbúté, ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rọ wáìnì pupa olówó pọ́ọ́kú láti inú àgbá sínú ìgò. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó àgbá náà wá láti ilẹ̀ Faransé, ẹ̀gbọ́n mi ló sì ń tọ́ ọ wò kí wọ́n tó rọ ọ́. Adẹ́mu ni baba wa ní Pobè, ìlú wa. Ó ní ahọ́n baba lòun jogún.

Bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, a ó gbé ìgò méjì, a ó gba etíkun Fidjrossè lọ, sí abẹ́ àtíbàbà obìnrin kan tó ń dín ẹja àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀.

"Má tíì gbé e mì," ni ẹ̀gbọ́n mi yóò wí. "Jẹ́ kó yí ẹnu rẹ ká."

"Ó ń fún mi lẹ́nu bí obì."

"Ẹran ọlọ́ràá nìyẹn ń wá. Tí o bá fi jẹ ẹja, ẹja á máa ta ọ́ lẹ́nu bí irin. Èyí tó fúyẹ́ yìí ni ti ẹja, ṣùgbọ́n dín ata kù."

Àkókò Rẹfolúsíọ̀n ni, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba. "Kamaráàdì" là ń pe ara wa níbi iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí kì í wẹ̀yìn kó tó dárúkọ ìjọba. Lọ́jọ́ Àìkú kan, rédíò obìnrin ẹlẹ́ja ń sọ ọ̀rọ̀ ìjọba gbọọrọ. Ẹ̀gbọ́n mi tọ́ ìgò kan wò, ó tu ú sórí iyanrìn.

"Ó ti kan," ló wí, "bí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń pariwo nínú rédíò yẹn."

Mo rẹ́rìn-ín. Àwọn ọkùnrin méjì tó jókòó nítòsí wa kò rẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn ọlọ́pàá mú ẹ̀gbọ́n mi níbi iṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ní àgọ́ wọn, ọkùnrin kan ti gbé bébà sórí tábìlì.

"Kamaráàdì olùkọ́, ṣé ó sọ ọ́ àbí kò sọ ọ́?"

"Ó ti mutí ni, sà."

"Mi ò bi ọ́ léèrè ọtí."

Mo ro iṣẹ́ mi, mo ro àwọn ọmọ mi méjì. Mo ní ó sọ ọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Eyín rẹ̀ mẹ́fà ti lọ. Mo dín ẹja, mo ra wáìnì tó fúyẹ́, mo gbé e lọ sílé rẹ̀. Ó yí i lẹ́nu títí.

"Omi ni," ló wí. "Omi lásán ni gbogbo rẹ̀ lẹ́nu mi báyìí."

Mo gbé ife mi kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín..."

"Mo mọ̀. Wọ́n ka ìwé rẹ sí mi létí. Wọ́n fi ìfọwọ́sí rẹ hàn mí."

Kò bú mi. Ó ní kí n jẹun, oúnjẹ ń tutù. N kò lè jẹ ẹ́.

Lóṣù kejì, òun àti ìyàwó rẹ̀ kó padà sí Pobè. Mo kọ lẹ́tà mẹ́ta sí i, n kò rí èsì. Nígbà tó kú, ìyàwó rẹ̀ ò ránṣẹ́ sí mi títí wọ́n fi sin ín tán.