Bátìrì Méjìdínlógún

Olóríkunkun ni Oyèṣọlá ọmọ Ṣakí, mo sì fi ń yìn ín ni. Lẹ́bàá ọjà Mile 12 ló ti ń ṣáàjì bátìrì fún àwọn awakọ̀ tó ń kó ata àti tòmátì bọ̀ láti Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n wáyà ilé ló wù ú láti máa ṣe, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ iná kò sì gbà kí ẹni tí kò ní káàdì wọn fọwọ́ kàn án ládùúgbò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà.

Lọ́dún 2007, ó tún jókòó níwájú alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan. Ó dáhùn gbogbo ìbéèrè dáadáa, ó wá ku ẹyọ kan.

"Ṣé DC lè rìn jìnnà?"

"Ó lè rìn, sà, tí fólítì ẹ̀ bá ti ga."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Lójú tiwọn, iná bátìrì ni DC, ta ló sì rí iná bátìrì tó rìn kọjá bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò? Oyèṣọlá ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò pé DC ni wọ́n fi ń gbé iná láti Mozambique dé South Africa, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kìlómítà.

"Rédíò kẹ̀! Aunty Bátìrì, no be so. Padà wá next year," ni alága wí.

Inú bí i, àmọ́ kò dìde. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

"Ẹ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Sátidé, sà. Tí mi ò bá fi hàn yín, mi ò ní béèrè káàdì mọ́ láyé mi."

Nígbà tó di Sátidé, ó ti na wáyà tín-ín-rín láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ìparí àdúgbò. Alága fúnra rẹ̀ lọ dúró lọ́hùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọgbọ́n àyínìke mú un. Oyèṣọlá kọ́kọ́ fi bátìrì kan tan gílóòbù mọ́tò tó wà lọ́dọ̀ alága. Ó kàn pọ́n bí ẹyin iná ni, kò mọ́lẹ̀.

"Ṣé o ti rí i?" ni alága pariwo.

"Mo rí i, sà. Kò tíì tán!"

Ó ní kí wọ́n fi gílóòbù ilé rọ́pò rẹ̀. Ó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó lé gbogbo èèyàn sẹ́yìn, ó wá so bátìrì méjìdínlógún tí àwọn awakọ̀ yá a pọ̀, orí èyí mọ́ ìdí ìyẹn, bó ṣe máa ń so wọ́n láràárọ̀ tó bá fẹ́ ṣáàjì wọn, kí fólítì wọn, ìyẹn agbára tó ń ti iná lọ, lè parapọ̀ tó ti iná ilé. Ó tẹ súìṣì.

Gílóòbù náà tàn yòò. Alága fọwọ́ bojú.

Ó rọra rìn padà, ó ní kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ Oyèṣọlá sílẹ̀ fún káàdì. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí kéréètì míńírà, ó ṣí fìlà.

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń bi àwọn èèyàn ní ìbéèrè yẹn. Àwọn kan dáhùn bíi tìẹ. Mo dá wọn padà."

Oyèṣọlá ti múra ọ̀rọ̀ tó máa sọ sí i lójú sílẹ̀, ṣùgbọ́n àánú ọkùnrin náà ṣe é.

"Ṣé ẹ ṣì mọ ilé wọn, sà?"

"Mo mọ ti ẹni mẹ́ta."

Oyèṣọlá tú wáyà kúrò lára bátìrì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀.

"Ẹ dìde, sà. Ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn."