Igba Fránkì Ni Tíkẹ́ẹ̀tì Ọjọ́ Orin

Bàbá mi, Súbérù, kò lè dárúkọ iye kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó sì dákẹ́. Bí ẹ bá bi í ní iye ṣéènì kẹ̀kẹ́, yóò kọ́kọ́ béèrè bí ẹ ṣe sùn, lẹ́yìn náà yóò pe iye kan tí yóò pa yín lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà yóò pe èyí tí yóò mú un pariwo. Báyìí ni ẹ óo ṣe máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ẹ óo fi pàdé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ ní Zangouettin, nítòsí ọjà ńlá Ouagadougou. Táyà, ṣéènì, ìjánu àti gílóòbù iná alùpùpù mobylette ló kún inú rẹ̀ débi pé ìta ni òun fúnra rẹ̀ máa ń jókòó sí. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, ìtìjú a máa bá mi tó bá ń ná ọjà. Ohùn rẹ̀ máa ń dé òdìkejì títì.

Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tó jù bẹ́ẹ̀ lọ rí, ní Kumasi. Lọ́dún 1969, ìjọba Gánà ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́, kò sì fojú kan ṣọ́ọ̀bù náà mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí mi ní Ouaga. Láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló ń ba ọkùnrin náà lẹ́rù láyé yìí, pé kí ẹnìkan tún wá sọ fún un pé kó máa lọ.

Ìgbà Révolution, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ológun gba ìjọba, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Rédíò máa ń gbé ẹjọ́ àwọn tó kó owó ìlú jẹ jáde, gbogbo agbo ilé á sì dákẹ́ rọ́rọ́ láti gbọ́ ọ. Ìjọba ti fi iye lé ọ̀pọ̀ ọjà, ẹni tó bá tà ju bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń pè ní spéculateur. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ kan wà tó ń mójú tó gbogbo èyí, délégué sì ni à ń pe olórí wọn. Bàbá mi máa ń kí wọn kí wọ́n tó rí i.

Ní oṣù kejì ọdún 1986, àwa akẹ́kọ̀ọ́ lycée wa pinnu láti ṣe Ọjọ́ Orin kan nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Owó tó bá wọlé la fẹ́ fi ra bẹ́ẹ̀dì fún ilé ìgbẹ̀bí abúlé kan lójú ọ̀nà Pô, níbi tí àwọn obìnrin ti ń bímọ sórí ẹní. Félix, alága wa, fẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fránkì, nítorí ó ti bá ẹgbẹ́ onígìtá kan sọ̀rọ̀, ó sì rò pé gbogbo ayé ló fẹ́ràn gìtá bíi tòun.

“Àwọn wo ló máa san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta?” Albertine, akápò wa, ló bi í bẹ́ẹ̀. “Òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan. Àwọn ará àdúgbò Samandin á dúró sẹ́yìn ògiri, wọ́n á gbọ́ gìtá rẹ lọ́fẹ̀ẹ́.”

Wákàtí méjì la fi jiyàn. Níkẹyìn a fẹnu kò sí igba fránkì, iye kan náà fún mínísítà àti fún alágbàṣe, kò sí àga iwájú, kò sí àga ẹ̀yìn. A fi àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń kọrin ní Mooré, èdè ìlú náà, kún un, kí àwọn ìyá wa náà lè rí nǹkan wá gbọ́. Ṣùgbọ́n Félix, aláìnísùúrù, ti lọ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì kí a tó parí àríyànjiyàn. Kò sí iye kankan lára wọn.

“Salimata, gba ọgọ́ta,” ni wọ́n wí fún mi. “Ẹ̀yin Nàgó lẹ mọ ọjà tà.” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀. Inú mi dùn sí i, òmùgọ̀ ni mí. Mo gbé e lọ bá bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù.

“Bàbá, igba fránkì ni o.”

“Igba. Mo gbọ́. Ti àwọn aláboyún ni?”

“Ti àwọn aláboyún ni.”

“D'accord. Gbé e síbẹ̀.”

Ọmọ oníṣòwò ni mí, ó yẹ kí n mọ ohun tó gbọ́. Láàrin àwọn èèyàn wa, bí ẹni tó ni ọjà bá sọ iye fún ẹni tó fẹ́ bá a tà á, ìsàlẹ̀ ló ń sọ yẹn, ibi tí kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kọjá. Ohun tó bá lé lórí rẹ̀, ọgbọ́n ẹni tó ń tà ni. Mo mọ èyí dáadáa. Mo kàn ń sáré lọ kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò ni, mi ò rò ó.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í pe tíkẹ́ẹ̀tì ní ẹgbẹ̀ta fránkì. Jímọ̀, télọ̀ tó wà ní iwájú wa, ná an dé àádọ́talénígba. Obìnrin aláta kan bá a jà títí dé igba géérégé, bàbá mi tún fi ìdérí ihò táyà kan ṣe èènì fún un. Gbogbo owó tó bá lé sórí igba, inú agolo mílíìkì ló ń jù ú sí, fún àwọn aláboyún. Kò mú fránkì kan níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé òun ń ra bẹ́ẹ̀dì.

Lọ́jọ́ Wednesday, obìnrin kan tó wọ aṣọ òwú híhun dé, ó béèrè iye, bàbá mi ní ẹgbẹ̀ta. Obìnrin náà kò ná an, ó ka owó, ó san án, ó lọ. Bàbá mi sọ fún wa nílé pé òun kò rí irú rẹ̀ rí. Agathe ni orúkọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í ṣe délégué àdúgbò wa ni, a kò tíì mọ̀ ọ́n lójú.

Ọjọ́ kejì, Agathe gbé aṣọ lọ fún Jímọ̀ télọ̀, ó sì rí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lórí máṣíìnì rẹ̀. Ó bi í ní iye tó rà á. Jímọ̀ sọ òtítọ́ kó tó mọ ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìwé ti dé ṣọ́ọ̀bù wa. Bàbá mi kò lè ka Faransé, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo kà á fún un: kí Súbérù, oníṣòwò, wá sí bureau ìgbìmọ̀ lówùúrọ̀ Saturday, níwájú àwọn ará àdúgbò, kó wá ṣàlàyé tíkẹ́ẹ̀tì tó ń ta ní iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

“Ṣé wọ́n kọ Nàgó síbẹ̀?” ó béèrè.

“Wọ́n kọ ọ́ pé àjèjì ni yín.”

Ó jókòó sórí táyà. Kò bínú sí mi, ìbá dára ká ní ó bínú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ àwọn táyà kalẹ̀ láti ara ògiri, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì ní kó máa lọ. Nígbà tí a délé, ìyá mi, Ojúọlá, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó jáde lọ sí àgbàlá, ó ká aṣọ tó sá sórí okùn. Wọn ò tíì gbẹ. Ó kó wọn sínú àpò bẹ́ẹ̀, ó fa zíìpù rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Ní Friday, Félix sọ fún mi pé òun gbọ́ pé wọ́n ti lé akẹ́kọ̀ọ́ méjì jáde ní ilé ẹ̀kọ́ mìíràn nítorí ọ̀rọ̀ tí kò tó èyí. “Ìwọ lo gbé tíkẹ́ẹ̀tì fún un,” ó wí, ó sì sún sẹ́yìn díẹ̀. Bàbá mi ní tirẹ̀ ti ronú jinlẹ̀.

“Sálì, fetí sílẹ̀. Kò sí iye lára tíkẹ́ẹ̀tì, àbí? Màá sọ pé ẹnikẹ́ni ò sọ iye fún mi. Ọmọdé lẹ̀yin, ẹ gbàgbé ni. Wọ́n á bá yín wí, ó tán. Èmi ni wọ́n lè lé. Ṣáà dákẹ́.”

“Mo gbọ́, Bàbá.”

Lówùúrọ̀ Saturday, àwọn èèyàn bí ogójì jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá bureau náà. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ dúró lápá kan. Bàbá mi dúró láàrin, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́, agolo mílíìkì wà lábẹ́ apá rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ bi Jímọ̀ ní iye tó san.

“Igba,” ni Jímọ̀ wí, ó ń wo ilẹ̀, ó yí ohun tó sọ fún Agathe padà kó lè gba bàbá mi là. Aláta náà ní igba. Ẹni kẹta ní igba, bẹ́ẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ni mo mọ̀ pé ó san.

Agathe kò pariwo. “Èmi san ẹgbẹ̀ta,” ó wí lédè Mooré. “Mi ò sunkún owó. Mo rò pé iye tí gbogbo wa ń san nìyẹn. Bàbá, kí ló dé?”

“Kò sí iye lára rẹ̀, ìyá mi,” bàbá mi dáhùn, ohùn rẹ̀ kéré. “Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi.”

Agathe yíjú sí wa. Faransé ló fi bá wa sọ̀rọ̀. “Ta ló gbé e fún un? Ṣé òótọ́ ni pé ẹ ò sọ iye?”

Félix wò mí. Albertine wò mí. Mo rí ara mi lójú inú níta ẹnu ọ̀nà lycée pẹ̀lú àpò mi, ẹnu mi sì là.

“Mo sọ fún un! Deux cents ni mo sọ!”

Bàbá mi kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n kò sí oníṣòwò ní Ouaga tí kò mọ̀ pé igba ni deux cents. Ó yíjú wò mí. Mi ò lè ṣàpèjúwe ojú yẹn, mi ò sì fẹ́. Ó yí padà sí Agathe.

“Òótọ́ ni ọmọ mi sọ,” ó wí. “Ó sọ fún mi. Mo purọ́ nítorí ẹ̀rù.” Ó gbé agolo náà kalẹ̀ sórí tábìlì.

Wọ́n tú u. Agathe wo inú rẹ̀ pẹ́, òun àti àwọn tó kù sọ̀rọ̀ láàrin ara wọn, a kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá mi ń gbàdúrà sábẹ́ ìborùn. Níkẹyìn Agathe ní kò jalè, wọn ò ní ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọn ò sì ní kọ orúkọ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n ní Sunday, òun ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà Ọjọ́ Orin, pẹ̀lú síléètì tí a kọ iye sí lọ́rùn, kó máa ta tíkẹ́ẹ̀tì ní igba fún gbogbo ayé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. “Barka, barka,” ni bàbá mi ń wí, ó ń dúpẹ́ lédè wọn, ó ń tẹríba fún gbogbo wọn. Èmi ń sunkún, ara mi sì fúyẹ́. Wọn ò lé wa.

Èrò ọjọ́ Sunday kún ọgbà títí dé orí ògiri, àwọn ìyá pọ̀ níbẹ̀ ju ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Bàbá mi dúró nínú oòrùn láti aago méjì. Obìnrin kan ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, ó ní kó gba ọgọ́rùn-ún lọ́wọ́ òun. “Igba ni,” ó wí, kò gbé ojú sókè. Bẹ́ẹ̀dì márùn-ún la rí rà.

Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà rí. Ó san owó ilé ẹ̀kọ́ mi, ó ra ẹran fún mi nígbà tí mo yege, ó fi mí fún ọkọ tìlù-tìfọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà béèrè iye, bàbá mi á kọ́kọ́ yíjú wò mí kó tó dáhùn. Mo rò pé yóò tán lára rẹ̀. Ìjọba yẹn kọjá, òmíràn dé, mo bí ọmọ mẹ́ta, kò tán. Ìyẹn ni mo fi máa ń kúrò níbẹ̀ bí oníbàárà bá dé, kó lè ná ọjà rẹ̀ láìwò mí, tí mo máa ń dúró sínú oòrùn ní òdìkejì títì títí ẹni náà yóò fi lọ.