Ohun Tí Torkild Kọ Sínú Òpó

Torkild kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹni tó bá ti bá a ṣiṣẹ́ rí ní èbúté Esbjerg yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi to irin lójú òkun, tó ń de àwọn òpó gìrìwò tí afẹ́fẹ́ ń yí abẹ̀bẹ̀ orí wọn fún iná mànàmáná, mọ́ ìpìlẹ̀ wọn nínú omi. Ẹnu rẹ̀ ni kò ní ìjánu.

Regnar ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan, àwọn méjèèjì dúró lórí ìpìlẹ̀ òpó kẹtàdínlógún, kírénì ń sọ òpó náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìjì kan ṣàdédé fẹ́. Irin tó wúwo ju igba màlúù lọ fì, ó dojú kọ Regnar, ìwọ̀n apá kan ló kù kó kàn án láyà kó tó dúró. Kò síbi tí Regnar fẹ́ sá sí, òkun ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tọ̀ sára.

Torkild nìkan ló rí i. Ó bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀, ó fi bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí. "Fọkàn balẹ̀," ló wí. "Àárín èmi pẹ̀lú ẹ ló mọ."

Kò mọ níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Torkild, èmi pẹ̀lú ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ wà nínú òpó náà, à ń fún nọ́ọ̀tù le. Torkild mú máàkà funfun, ó kọ ọ́ sára irin lẹ́yìn àkàbà pé: REGNAR TỌ̀ SÁRA NÍBÍ BÍ ÌKÓKÓ. Àwa méjì tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Láti ọjọ́ náà la ti ń pe Regnar ní Ìkókó. "Ìkókó, gbé sípánà wá!" "Ìkókó, ṣé o ti mu wàrà?" Kò bi wá rí pé kí ló dé. Kí ọdún tó yí po, ó ní orúnkún ń dun òun. Ó fi òkun sílẹ̀, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe.

Ọdún mẹ́sàn-án ni Torkild fi ń lọ bá a mu kọfí níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, kò sì mẹ́nu ba ohun tó kọ sára irin náà. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rín kò kúrò lẹ́nu Regnar.

"Dagny ọmọ mi ti gbàwé ẹ̀rí. Lọ́jọ́ Ajé ló máa kọ́kọ́ jáde lọ tọ́jú àwọn òpó wa. Òpó kẹtàdínlógún ni wọ́n fi máa bẹ̀rẹ̀."

Kọfí gbabi tí kò yẹ lọ́fun Torkild.

Iṣẹ́ orí ilẹ̀ ni wọ́n ti fi í sí nígbà yẹn. Ó lọ bẹ ọ̀gá kí wọ́n jẹ́ kí òun bá ọkọ̀ ọjọ́ Ajé lọ.

"Ìwọ? Pẹ̀lú ikùn yẹn?" ni ọ̀gá wí. "Àkàbà á bẹ̀ ẹ́!" Ṣùgbọ́n ara ẹnì kan ò yá, ló bá gbà fún un. Torkild fi àkísà àti kẹrosínì sísàlẹ̀ àpò rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, nínú òpó náà, ẹsẹ̀ Dagny yá ju ti Torkild lọ. Nígbà tí Torkild fi máa gòkè dé ẹ̀yìn àkàbà náà, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ọmọ náà ti tan iná orí akoto rẹ̀ sára irin.

"Torkild, ọwọ́ ìkọ̀wé ta nìyí?"

Ó lè ní òun ò mọ̀. Ó sọ fún mi pé irọ́ náà ti dé orí ahọ́n òun. "Ọwọ́ mi ni."

Dagny yíjú sí i. "Bàbá mi sọ fún mi lánàá. Wọ́n ní mo máa rí nǹkan tí wọ́n kọ nípa àwọn, pé òótọ́ ni, kí n má jẹ́ kó tì mí lójú. Mo bi wọ́n pé ta ló kọ ọ́. Wọ́n láwọn ò mọ̀."

Torkild fara ti àkàbà. Regnar mọ̀. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n jọ ń kọ ìwé iṣẹ́, kò sí bí kò ṣe ní dá ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Ó mú àkísà jáde.

"Ẹ má pa á rẹ́," ni Dagny wí. Ó na máàkà sí i. "Ẹ kọ orúkọ yín sí i."

Torkild gba máàkà náà, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: TORKILD LÓ KỌ ÈYÍ.

Bó ṣe sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù Regnar ló gbà lọ, kò tíì bọ́ bàtà iṣẹ́. Regnar ń lẹ táyà.

"Regnar, ohun tó wà nínú òpó yẹn…"

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń fún mi ní kọfí?"

"Lọ́dún àkọ́kọ́, ó ń ṣe mí bíi kí n fi sípánà gbá ẹ lẹ́nu. Lọ́dún kejì, mò ń retí kó o sọ ọ́. Nígbà tó yá, ó sú mi." Ó gbé táyà sílẹ̀. "Orúnkún mi ò ṣe nǹkan kan o, Torkild. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn ò sì lè lé mi kúrò lójú òkun. Ẹ̀rín yín ló lé mi."

Oníbàárà kan wọlé wá béèrè kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Torkild bá jáde.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tá à ń jẹun ọ̀sán, ó dìde láàárín wa, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ohunkóhun pa mọ́. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè gbójú sókè.