Wọ́n Ń Béèrè Ọ̀gá Àgbà

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe awò ojú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀. Bí oníbàárà mẹ́ta bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnì kan ní láti fẹ̀yìn ti dígí. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ló ti ń gé awò, tó sì ń lọ ọ́ létí lórí ẹ̀rọ kan tó ń han gooro, títí awò á fi wọ inú férémù wẹ́kú. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Bí o bá gbá a létí, á kọ́kọ́ béèrè bóyá ọwọ́ ń dùn ọ́. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò jọ ọ́ rárá. Gbogbo ilé ló mọ̀ pé èmi ni mo kó ìbínú àwa méjèèjì wá sáyé.

Bó bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nǹkan wẹ́wẹ́ ló máa ń gbádùn. Ó ń gbin tòmátò sínú garawa ọ̀dà. Ó ń tú rédíò àtijọ́, ó sì ń tò ó padà. Irin kan kì í ṣàì ṣẹ́kù sílẹ̀, rédíò á sì sọ̀rọ̀ síbẹ̀. Ọ̀sán Sátidé ni ti fíìmù, òun àti ìyàwó rẹ̀ lórí àga gígùn. Gbogbo èyí ló ń kọ sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀ lórí ayélujára, tó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí. Mo bi í nígbà kan pé ta ló fẹ́ mọ̀ pé tòmátò rẹ̀ ti yọ òdòdó. Ó ní àwọn kan fẹ́ mọ̀. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń bá wá.

Kò kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ síbẹ̀ rí, kò sì fi àwòrán rẹ̀ hàn. Ọ̀gá Àgbà ló ń pè é. Olórí àwọn nọ́ọ̀sì ni ìyàwó wa ní ilé ìwòsàn, kì í sì í bọ́ iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ tó bá ń wo fíìmù. Wọ́n á yìnbọn lu ẹnì kan, onítọ̀hún á máa dárò lọ, ìyàwó wa á ní, “Ẹni tí ọta bà níbẹ̀ yẹn kò lè sọ̀rọ̀ tó báyẹn.” Tí fíìmù bá dé ìdajì, á sùn lọ. Tó bá parí, á jí, á sì ṣàlàyé ẹni tó jẹ̀bi fún ọkọ rẹ̀ tó wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi kọ ọ́ pé Ọ̀gá Àgbà ń hanrun bí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń gun òkè. Ọ̀rọ̀ náà rìn títí ó fi dé ilé ìwòsàn. Ìyàwó wa ń bá nọ́ọ̀sì kan wí lórí oògùn tí kò fún aláìsàn lásìkò, ni ẹnì kan bá hanrun lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Ó bá nọ́ọ̀sì náà wí tán. Ó délé kó tó sọ tinú rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kúnná. Ó ní òun ò fẹ́ rí ara òun nínú búlọ́ọ̀gì yẹn mọ́ láé. Mo gbè sẹ́yìn rẹ̀, mo ṣì gbè sẹ́yìn rẹ̀ dòní. Àbúrò mi ò jiyàn. Ó pa búlọ́ọ̀gì náà tì pátápátá.

Ọdún ń gorí ọdún. Ó ń tọ́jú tòmátò rẹ̀, ó ń ṣe rédíò rẹ̀, ṣùgbọ́n a máa rí i tó bá sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín tán nídìí oúnjẹ, á wá máa wò káàkiri bí ẹni tí kò rí ibi tó fẹ́ gbé e sí. Ìyàwó rẹ̀ náà rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ lọ́dún yìí pé kó padà sídìí búlọ́ọ̀gì rẹ̀, kó ṣáà má ti fi òun sí i. Àbúrò mi ṣèlérí, inú rẹ̀ sì dùn dọ́ba. Ó tún ojúewé náà ṣe, ó fi àwòrán tòmátò sókè rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, “Mo ti dé o.”

Ìlérí àbúrò mi kì í yẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá fẹ́ ya àwòrán tábìlì, á kọ́kọ́ gbé ife ìyàwó rẹ̀ kúrò. Bó bá kọ nípa fíìmù, á dà bíi pé òun nìkan ló wà nínú ilé. Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kọ ọ́ sí i pé, “Ọ̀gá Àgbà ńkọ́?” Kò dáhùn. Ẹlòmíràn béèrè, kò dáhùn. Mo ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, kó dá wọn lóhùn. Ó ní bí òun bá ti sọ pé ó wà, òun ti fi í sí i nìyẹn. Ó ní ìyàwó òun á rò pé ẹ̀rín àwọn àjèjì wu òun ju ìyàwó lọ, òun ò sì fẹ́ rí ojú tó fi wo òun lọ́jọ́ ọ̀rọ̀ ìhanrun yẹn mọ́.

Ó gbàgbé pé Yorùbá ni àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀. Bí a bá béèrè aya lọ́wọ́ ọkọ, tí ọkọ dákẹ́, a kì í tún un béèrè. A ti gbọ́. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀: ẹ kú ará fẹ́ra kù, Ọlọ́run á tù yín nínú, ẹ̀yìn rẹ̀ á dára. Òmíràn ní ó ti wá yé òun báyìí, ìdí tó fi dákẹ́ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí. Àbúrò mi pè mí lórí fóònù. Ó ní, “Àǹtí mi, wọ́n ti pa ìyàwó mi.” Mo ti ń wá bàtà mi kó tó ṣàlàyé. Mo ní kó sọ fún ìyàwó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní òun ń wá àsìkò tó dára.

Kò tíì rí àsìkò náà lọ́jọ́ tí mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kó lè bá mi fún apá awò ojú mi tó dẹ̀. Ìyàwó wa kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ó gbé oúnjẹ wá fún un, ó sì jókòó lẹ́yìn tábìlì. Ọkọ rẹ̀ wà nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ ń han. Bàbá àgbàlagbà kan wọlé, wọ́n ti ṣí fìlà sọ́wọ́. Wọ́n béèrè oníṣọ́ọ̀bù, wọ́n wá bi ìyàwó wa bóyá ẹbí rẹ̀ ni. Ó ní ẹbí òun ni.

Bàbá náà ní, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù ìyàwó wọn.”

Mo lanu. Ìyàwó wa wò mí bí ó ṣe máa ń wo àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀, mo pa ẹnu mi dé. Ó bi bàbá náà pé ṣé wọ́n mọ obìnrin náà ni. Wọ́n ní òun ò rí i rí, pé nínú búlọ́ọ̀gì ni òun àti ìyàwó òun ti jọ ń kà á, kó tó di pé ìyàwó òun jáde láyé. Wọ́n ní ọjọ́ tí ìyàwó òun ka ti ìhanrun yẹn, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú.

Ojú ìyàwó wa le. Ó ní, “Ẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nìyẹn.”

“Rárá o. Tèmi náà ń hanrun. Mo máa ń ráhùn sí i lójoojúmọ́.” Bàbá náà yí fìlà ọwọ́ wọn. “Ní báyìí ilé dákẹ́ jù. N kì í rí oorun sùn.”

Ẹ̀rọ ti dúró. Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn, omi ẹ̀rọ ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ yíjú sí i, ó bi í ìdí tí kò fi dá àwọn èèyàn lóhùn.

Ó ní, “O ní kí n má fi ọ́ sí i.”

Ìyàwó rẹ̀ kò bínú. Omijé gba ojú rẹ̀. Èmi náà ò lè wojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó wa dìde, ó di ọwọ́ bàbá náà mú, ó ní òun ni Ọ̀gá Àgbà, kí wọ́n má bínú. Bàbá náà wá àga, wọ́n jókòó. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n nu ojú, wọ́n ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún un títí oníbàárà kan fi wọlé.

Kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó wa ní kí ọkọ òun kọ ọ́ pé òun wà láàyè, kó sì kọ gbogbo rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó gbé fóònù fún un kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó fi ránṣẹ́. Ó rọra kà á. Ó débi tí ọkọ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé Ọ̀gá Àgbà ń hanrun díẹ̀, ó sì dá fóònù padà. Ó ní kó yọ “díẹ̀” kúrò.