Àṣìṣe Tó Bá Ẹsẹ̀ Rẹ̀ Mu

Wọ́n ní ìka ò dọ́gba. Ti akọ̀wé yàrá fáìlì tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí, ẹsẹ̀ gan-an ni kò dọ́gba. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ń wọ nọ́ńbà méjìdínlógójì, ti òsì ń wọ ogójì. Bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn, kò sì sí dókítà tó rí àìsàn kankan níbẹ̀. Ìyá tó bí i máa ń fi ṣàwàdà pé ẹ̀gbọ́n ni òsì jẹ́ fún ọ̀tún.

Ká ní obìnrin tí kò ka bàtà sí ni, sálúbàtà ì bá tó o. Ṣùgbọ́n ohun tó wu ni ní í pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, bàtà sì ni ọrọ̀ tirẹ̀. Mẹ́tàlélógún ló wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, oníkálukú nínú páálí rẹ̀, ó sì lẹ ìwé pélébé mọ́ ara páálí kọ̀ọ̀kan, níbi tó kọ àwọ̀ bàtà àti ọdún tó rà á sí, bó ṣe ń ṣe fáìlì níbi iṣẹ́. Ìyá Gogoro ni wọ́n ń pè é lọ́fíìsì, nítorí wọ́n á ti gbọ́ ìró gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀ kí wọ́n tó rí ojú rẹ̀. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tàlélógún náà tó bá ẹsẹ̀ méjèèjì mu. Bó bá ra ńlá, ọ̀tún á máa yọ, á wá òwú kì bọ imú bàtà. Bó bá ra kékeré, òsì á jìyà dalẹ́.

"Ẹsẹ̀ méjì ló ń bára wọn jà," ni ọkọ rẹ̀, tó ń lẹ táìlì jẹun, máa ń wí, "àpò tiwa ló ń ya."

Ọ̀rọ̀ náà kọjá àwàdà lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ń wá ẹni tó máa ṣe olórí ẹ̀ka àkọsílẹ̀, wọ́n sì pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bàtà dúdú kan ló wọ̀ lọ, èyí tó mú òsì bí ẹ̀mú. Gbogbo ìdáhùn ló wà lórí rẹ̀ kó tó wọlé, àmọ́ ìka kékeré ẹsẹ̀ òsì ń sọ̀rọ̀ ju àwọn tó ń bi í léèrè lọ. Ẹlòmíì ni wọ́n fún níṣẹ́ náà. Ní báyìí ẹni yẹn ti lọ, àyè tún ṣí, wọ́n sì ní kó wá láago mẹ́wàá àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ọdún mẹ́ta péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Bí kò bá rí i gbà lọ́tẹ̀ yìí, inú yàrá fáìlì tí kò ní fèrèsé náà ni yóò ti parí iṣẹ́ ìjọba.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bí wọ́n ṣe ṣíwọ́, ó yà sí ìsọ̀ bàtà tó wà ní òpópónà kejì. Ìsọ̀ yìí ní ètò kan: bàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń tò sórí pẹpẹ. Ti òsì wà nínú yàrá ẹ̀yìn lọ́dọ̀ bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Sítọ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé kò sí olè tó máa jí bàtà ẹsẹ̀ kan. Ètò yìí ti dùn ún wọ eegun rí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í bá bàtà ṣe ìjà. Á wọ ti orí pẹpẹ, á wò ó nínú dígí, ojú kì í sì í rí arẹwà kó má kì í. Ìfẹ́ á ti wọlé tán kí òsì tó ti ẹ̀yìn dé láti wá da ọ̀rọ̀ rú.

Ó rí ọ̀kan lọ́jọ́ náà. Pupa tó fẹ́ẹ́ di dúdú ni, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga jù, kò sì kúrú, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ọ̀tún wọ̀ ọ́ bíi pé ara ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti rán an.

"Bá mi mú òsì ẹ̀ wá, ọmọ mi," ó sọ fún ọmọbìnrin tó ń tajà, "kí n tètè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí."

Ó jókòó, ó dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Bàtà òsì wọlé. Kò fún un, kò sì yọ. Ó dìde, ó rìn dé iwájú dígí, ó padà, ó tún rìn dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó ti délé ayé, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí abẹ́ bàtà náà sókè. Ọ̀tún, méjìdínlógójì. Òsì, ogójì. Bàbá Sítọ̀ ti ṣi bàtà mú.

Obìnrin tí kì í jẹ́ kí fáìlì kan sùn sí àyè fáìlì mìíràn, tó ti padà sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta rí nítorí ìwé kan ṣoṣo, ó gbé bàtà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó sì pa ẹnu mọ́.

"Ó bá yín mu gan-an, Mọ́mì," ni ọmọbìnrin náà wí. "Okùn ẹ̀yìn yìí nìkan ló gùn díẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ dọ̀la, a máa bá yín lu ihò kan sí i. Ọ̀fẹ́ ni."

"Fi sílẹ̀ kẹ̀? Mo máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀."

"Á máa bọ́ lẹ́yìn yín o. Tó bá wá bọ́ níwájú èèyàn ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ iwájú èèyàn yẹn ló mú un. Ó sanwó, ó fi bàtà sílẹ̀, ó sì ń yọ́ rìn lọ sílé bí ẹni tó jí nǹkan.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n ti fi ọ̀já di páálí náà pa nígbà tó dé ìsọ̀. Òjò ṣú, kò tú u wò. Nígbà tó délé, kò fẹ́ kí ilẹ̀ ilé kọ́kọ́ rí abẹ́ bàtà tuntun, torí náà ó gbé e sórí àga bẹ́ẹ̀, ó lọ ń lọ aṣọ, ó ń dá àwọn ìdáhùn rẹ̀ kà sétí ara rẹ̀.

Láago méje àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó tú ọ̀já. Ọ̀tún wọlé. Òsì dé gìgísẹ̀, ó dúró, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Bóyá ẹsẹ̀ ló wú," ni ọkọ rẹ̀ wí.

Ó yí abẹ́ rẹ̀ sókè: méjìdínlógójì. Nínú páálí, lábẹ́ ìwé tí wọ́n fi dì í, ìwé kékeré kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ tó mọ́ ṣáká kọ: "Ẹ má bínú, màdáámú. A fẹ́ẹ́ gbé bàtà tí kò dọ́gba fún yín. A ti tún un ṣe."

Ọkọ rẹ̀ gbà á kà. "Wọ́n mà ṣeun o, ìyá wọn."

"Ta ló bẹ̀ wọ́n níṣẹ́?"

"Ìwọ náà ò kúkú sọ fún wọn pé o rí i."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló tún mú kí inú bí i sí i. Ó ki ẹsẹ̀ bọ sálúbàtà rọ́bà tó fi ń wẹ̀, ó gbá páálí mọ́ra, ó jáde.

Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n ṣí ìsọ̀. Bàbá Sítọ̀ fúnra rẹ̀ ló wá pàdé rẹ̀, awò ojú rẹ̀ ń fì lọ́rùn.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí?"

"Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́, màdáámú. Bí mo ṣe gbé e kí n lu ihò sí i, mo wo abẹ́ rẹ̀, ara mi tutù. Mo ní, mo ti fẹ́ dójú ti obìnrin olóbìnrin. Páálí mọ́kànlélógójì ni mo tú kí n tó rí èkejì rẹ̀."

"Bàbá, èyí tí kò dọ́gba yẹn ni mo fẹ́."

"Ẹ ní kí lẹ fẹ́?"

Ó bọ́ sálúbàtà, ó to ẹsẹ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀. Bàbá gbé awò wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó, ó tún wò ó. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí," ó ní, "ẹnikẹ́ni ò tíì wá tọrọ àṣìṣe lọ́wọ́ mi rí. Kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

"Mo rò pé ẹ máa gbà á lọ́wọ́ mi."

"Mo kúkú máa gbà á," ni bàbá wí, torí olóòótọ́ ni. "Bàtà méjì lèèyàn ń bà jẹ́ tó bá ta irú ẹ̀."

"Ogójì yẹn dà báyìí?"

"Ìyàwó kan rà á nígbà tá a fẹ́ ti ilẹ̀kùn lánàá. Tọ̀tún tòsì. Ó bá a mu wẹ́kú."

Wẹ́kú yẹn ta á lójú bí ata. Aago mẹ́wàá kù díẹ̀. Ilé jìnnà, àwọn mẹ́tàlélógún tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ò sì lè gbà á sílẹ̀. Kò lè fi sálúbàtà ìwẹ̀ wọlé tọ àwọn ọ̀gá. Ó ti ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà pupa náà tipátipá, ó sì gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì lọ bí ẹni tó ń tẹ ẹ̀gún.

Àwọn mẹ́ta ló ń dúró dè é. Kí wọ́n tó bi í ní ìbéèrè kejì, ìka kékeré yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó bá dọ́gbọ́n, ó yọ ẹsẹ̀ nínú bàtà lábẹ́ tábìlì, ara sì tù ú. Àfi bí alága ṣe ní kó dìde wá ya bí yóò ṣe to fáìlì sára pátákó ìkọ̀wé.

Ó tún gbìyànjú láti ki ẹsẹ̀ òsì bọ bàtà, kò wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní níkẹyìn, "bàtà ẹsẹ̀ kan ń pa mí. Mo ti bọ́ ọ."

Alága, obìnrin tó fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, tẹ̀ síwájú wo abẹ́ tábìlì. "Ẹ bọ́ èkejì náà kẹ́ ẹ lè dúró ire. Orí yín la fẹ́ gbà síṣẹ́."

Ó rìn lẹ́sẹ̀ lásán dé ìdí pátákó, ó yà á, ó ṣàlàyé rẹ̀. Ọkùnrin kan lára wọn wá bi í pé, "Bẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, tẹ́ ẹ bá fáìlì méjì tó ti gba àyè ara wọn, kí lẹ máa ṣe?"

Lọ́dún tó kọjá, ohun tó sọ ni pé òun á dá wọn padà lójú ẹsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó ronú díẹ̀. "Mo máa kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń lò wọ́n, sà. Iṣẹ́ ẹnì kan lè dúró lé bí wọ́n ṣe wà yẹn. Bí mo bá lọ tún un ṣe láìbi í, mo ti bà á jẹ́ fún un." Inú tó ń bí i láti àárọ̀ wà nínú ohùn rẹ̀. Ọkùnrin náà kọ nǹkan sílẹ̀.

Kò ju ìdajì wákàtí lọ tí wọ́n fi pè é padà. "Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé," ni alága wí. "Àjà kẹta ni, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa múra wá dáadáa." Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Òsì ti wú, kò gbà kó wọ bàtà náà mọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó gbé bàtà lé itan, ó pe ọkọ rẹ̀.

"Wọ́n fún mi."

"Oríire nìyẹn, ìyá wọn. Kí ló wá dé tí ohùn rẹ rí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀?"

"Ọjọ́ Ajé ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Òní ti di Ọjọ́bọ̀, bàbá wọn."

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé táìlì ń ké lẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ọkùnrin náà sì pa á. "Ó yé mi. Kí ni bàbá oníbàtà wí?"

"Ó gba nọ́ńbà fóònù mi. Ó ní bóun bá tún ṣàṣìṣe, òun á pè mí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó ló máa ń ṣe é lọ́dún?"

"Mo bi í. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún, èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó wọ sálúbàtà rọ́bà rẹ̀, ó sì lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́nà bóyá ó mọ ìsọ̀ bàtà mìíràn ládùúgbò.